Ọ́ìlì Jíà Píkọ́ọ̀pù Àlàájà

Ní ìgbà tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ mi kì í mọ́. Bí mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, bí mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, bí mo sì fi yanrìn ha á létí kànga, dúdú ọ́ìlì á ṣì fara pamọ́ sábẹ́ èékánná mi. Ìyàwó mi a máa sọ pé òun kò mọ̀ bóyá èmi ni òun ń gbé oúnjẹ fún ni tàbí ẹ́ńjìnnì lọ́rì. Èmi kò bínú sí i. Lójú tèmi, ọwọ́ dúdú yẹn ni ìwé ẹ̀rí mi. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìdèrè, ní Igbó-Ọrà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, nígbà tí àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ sì ń lọ dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀, èmi dúró ti ọ̀gá. Kò sí lọ́rì tó ń kó ẹ̀gẹ́ ní gbogbo Ìbàràpá tí n kò dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn a máa pè mí ní ọwọ́ ọ̀tún ọ̀gá, èmi náà a sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un pè.

Ọdún tí ọ̀gá mi máa lọ sí Mẹ́kà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi lílọ náà ṣe àdúrà, nígbà tí ó sì wá bọ́ sí i, gbogbo àdúgbò ló ń bá wọn yọ̀. Èmi náà ń yọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ tèmi ní ìdí mìíràn. Wọ́n máa lo ohun tó lé lóṣù kan lọ́hùn-ún, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, kó máa pín iṣẹ́, kó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Orúnkún sì ti ń yọ ọ̀gá lẹ́nu. Gbogbo wa mọ̀ pé bí wọ́n bá dé, ìjókòó ni wọn yóò máa jókòó, tí wọn yóò máa wò wá. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dún náà, òun ni yóò mú un lọ. Mo ti pín in fún ara mi. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kó bá mi wá ẹ̀wù tó gbayì tí màá máa wọ̀ jókòó. Kódà mo ti yí ìrìn mi padà, mo ti ń rọra gbé ẹsẹ̀ bíi baálẹ̀.

Àṣé ẹnì kan ń bọ̀ lọ́nà. Ọmọ ìlú Tápà, ní Ìbàràpá níhìn-ín, ni, ṣùgbọ́n nítorí pé Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, Ará Ìbàdàn la ń pè é. Ó wá bẹ ọ̀gá pé òun fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ títí òun yóò fi rí ibi tí òun máa dúró sí, ọ̀gá sì gbà á. Mo fi ọdún márùn-ún jù ú. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti bàjẹ́ yẹn, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n." Ká ní ó rí mi fín ni, ǹ bá mọ ohun tí màá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ń rí ni fín rọrùn láti kórìíra. Ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fúnni, tí a sì ń jowú rẹ̀, àìsàn ni.

Ohun tí ó mọ̀ tí n kò mọ̀ ni mọ́tò ọtọmátíìkì, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. Láyé ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, bóyá mẹ́ta péré ló wà ní Igbó-Ọrà, bí wọ́n bá sì bàjẹ́, Ìbàdàn ni wọ́n ń fà wọ́n lọ. Nígbà tó yá, ni wọ́n bá pọ̀ bí èèrà. Gbogbo ọmọ tó bá wà lókè òkun, ọtọmátíìkì ló ń fi ránṣẹ́ sílé. Ará Ìbàdàn a máa wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kan jíà wọn, a sì máa tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kó tó kó nọ́ọ̀tì lé e lórí, bíi dókítà tó fẹ́ gbẹ̀bí. Èékánná rẹ̀ mọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Mẹkáníìkì tí èékánná rẹ̀ mọ́! Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹni yẹn kì í ṣe oníṣẹ́. Ìyàwó mi bi mí pé mọ́tò tó bá ṣe, ṣé wọ́n ń lọ? Mo ní kó gbé oúnjẹ mi wá.

Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ ọ̀sán ọ̀gá dé, èmi nìkan ni wọ́n ń pè kí n wá bá wọn jẹ ẹ́. Nígbà tó di oṣù kejì tí ó dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe àwa méjèèjì. A jọ ń ki ọwọ́ bọ àwo kan náà, èmi ń ka òkèlè tirẹ̀. Ọ̀gá a máa bi í léèrè nǹkan nípa jíà ọtọmátíìkì, wọn a máa mi orí, wọn a ní, "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè." Èmi náà a máa fi òwe dá wọn lóhùn nínú mi lọ́hùn-ún, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. N kò sọ ọ́ síta. Ọbẹ̀ ni mo ń bínú sí. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, òótọ́ ni, torí pé lóṣù yẹn gan-an ni ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí já bọ́ nídìí.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí Àlàájà onígààrí fi gbé píkọ́ọ̀pù wọn wá. Ẹni ńlá ni Àlàájà yìí. Ẹgbẹ́ ọ̀nà Èrúwà ni wọ́n ti ń yan gààrí, wọ́n sì máa ń gbé e lọ tà ní ọjà Tápà. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fi píkọ́ọ̀pù náà ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó kọ́ mọ́tò wíwà, wọ́n sì ti ń fi ọwọ́ ara wọn wà á. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní píkọ́ọ̀pù náà ti ń ṣe ségesège. Wọ́n ní bí àwọn bá tẹ iná mọ́ ọn, ńṣe ni á kọ́kọ́ ronú, á wá fò sókè kó tó lọ. Mo ti nuwọ́, mo ti dìde, mo sì ti ń lọ pàdé wọn, àfi bí Àlàájà ṣe na ọrùn kọjá èjìká mi, tí wọ́n ní, "Ọmọ Ìbàdàn yẹn ńkọ́?"

Mo padà lọ jókòó. Mo gbé kábúrétọ̀ kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí fọ̀ ọ́. Ojú mi wà lára kábúrétọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ara mi ló ń wo Ará Ìbàdàn. Ó ní ọ́ìlì inú jíà náà ló ti gbó, kò tíì ba jíà jẹ́, pípààrọ̀ ló máa yanjú rẹ̀. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ọ́ìlì dúdú tó ń rùn bí àgbàdo tó jóná sì ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì tó ti gé. Ó sọ páànù ìsàlẹ̀ jíà kalẹ̀, ó nu ìyẹ̀fun irin tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó pààrọ̀ fítà tó ń sẹ́ ọ́ìlì. Gbogbo èyí tó dà jáde ló fi ike wọ̀n, kó lè mọ iye tí yóò dá padà. Ó wá da tuntun sí i, èyí tó pupa bíi sóbò.

Ibi tó ti wá yà mí lẹ́nu ni bí ó ṣe ń wo géèjì, irin gbọọrọ tí a fi ń mọ ibi tí ọ́ìlì dé. Bí ọ̀gá ṣe kọ́ gbogbo wa ni pé kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a dúró kí ọ́ìlì rọlẹ̀, kí a tó fa géèjì. Ohun tí à ń ṣe fún lọ́rì nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ará Ìbàdàn ní tirẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì, ó wọlé jókòó, ó ń gbé jíà láti ibì kan sí ibòmíràn díẹ̀díẹ̀, ó fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá fa géèjì jáde bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń pariwo. Ó nù ún, ó wò ó, ó tún bu díẹ̀ sí i, ó tún wò ó. Mo ní nínú mi pé àṣehàn rèé. Ó wá gbójú sókè, ó rí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan kan níbí." Mo ní ọwọ́ mi dí. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi, ẹni tó mọ ọ̀nà fẹ́ fà mí lọ́wọ́, mo já ọwọ́ gbà.

Ọjọ́ kejì ni Àlàájà máa wá gbé píkọ́ọ̀pù náà. Ará Ìbàdàn ti gba Èrúwà lọ láàárọ̀ kùtù, torí ọ̀gá ní kó bá wọn wo bọ́ọ̀sì oníbàárà kan. Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù tí n kò rí i, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí ìdí píkọ́ọ̀pù náà. Ọ̀gá mi ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré: bí ẹnì kan bá ti ń ṣe mọ́tò kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé onítọ̀hún wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ọbẹ̀ tí ìyá méjì bá fi iyọ̀ sí kì í ṣeé jẹ. Mo mọ òfin náà ju ẹnikẹ́ni lọ, èmi ni mo máa ń fi kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fa géèjì. Ọ́ìlì ti kọjá ojú ìlà, ó fi bí ìka méjì kọjá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí eyín mi. Mo nu géèjì, mo tún kì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á: bákan náà ni. Ará Ìbàdàn, ọlọ́wọ́ mímọ́, ti da ọ́ìlì ju bó ṣe yẹ lọ! N kò tètè pariwo. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo dúró di ìgbà tí Àlàájà dé, tí wọ́n jókòó ti ọ̀gá, tí àwọn ènìyàn mìíràn náà sì ti péjọ, kí n tó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá bá mi wo nǹkan kan, bóyá ojú mi ni kò ríran. Ọ̀gá wọ awò wọn. Wọ́n wo géèjì, wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí a pe Ará Ìbàdàn lórí fóònù kí a bi í. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi tó burú jù. Mo ní, "Ẹ má pè é, ọ̀gá. Nǹkan kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí n dín in kù, kí ojú má baà tì í."

Ọ̀gá wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó tọ́ tí ó yanjú. Wọ́n ní kí n dín in kù. Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì, mo jẹ́ kí ike kan àti ààbọ̀ dà jáde, mo dì í padà. Nígbà tí mo tún fa géèjì, ojú ìlà gan-an ló wà. Àlàájà àti àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé nọ́ọ̀tì lásán ni mo bá wọn dì, Àlàájà sì ṣàdúrà fún mi pé ọwọ́ mi kò ní ro. Wọ́n gun píkọ́ọ̀pù wọn, wọ́n lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi nìkan ni ọ̀gá pè síbi oúnjẹ. Wọ́n ní iṣẹ́ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ti ń bo àṣírí ọmọnìkejì rẹ̀ ló lè jókòó ti ilé. Wọ́n ní tí a bá ti kírun Jímọ̀ tó ń bọ̀, lójú gbogbo ènìyàn ni àwọn máa fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Èmi náà ń tẹríba, mo ń jẹ ẹran. Nígbà tí Ará Ìbàdàn ti Èrúwà dé, ó bi mí bóyá Àlàájà ti gbé mọ́tò, ṣé ó sì ń lọ dáadáa. Mo ní ó ń lọ dáadáa.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ ọjà Tápà. Àlàájà di àpò gààrí kún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, àwọn ìyá mẹ́rin sì jókòó lé e lórí. Nígbà tí wọ́n dé òkè kan lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí ké, mọ́tò kò sì lọ. Wọ́n tẹ iná mọ́ ọn, igbe ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Ọpẹ́lọpẹ́ bíréèkì. Àwọn ìyá náà bẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ rọ́. Èéfín ń jáde lábẹ́ mọ́tò. Katakata tó ń bọ̀ láti oko ló bá wọn fà á padà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa.

Mo ṣì ń rí Àlàájà bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀. Erùpẹ̀ ti bo ìborùn wọn, bàtà sì wà ní ẹsẹ̀ kan, kò sí ní ìkejì. Mo rò pé wọn yóò pariwo, gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn rìn lọ bá Ará Ìbàdàn níbi tó dúró sí, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ará Ìbàdàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó fa géèjì bó ṣe máa ń fà á, kò sì rí ọ́ìlì níbi tó yẹ kó wà. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ń wá ibi tó ti jò, gbogbo rẹ̀ ló sì gbẹ. Nígbà tó jáde, ó rọra sọ fún wa pé jíà náà kò jò, pé ẹnì kan ló tú ọ́ìlì rẹ̀ dànù. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọtọmátíìkì bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń fa ọ́ìlì sókè kiri inú jíà. Bí a bá pa á, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á ṣàn padà sísàlẹ̀, ẹni tó bá wá wo géèjì nígbà náà á rò pé ó ti pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi pa á kí a tó wọ̀n ọ́n. Kò wo ẹnikẹ́ni bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ń wo ilẹ̀. Mo gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan, mo rí ọ̀gá mi lórí àga wọn, ẹnu wọn là díẹ̀. Ó ti yé àwọn náà.

Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ nínú èmi àti ọ̀gá. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde nínú àpò. Tèmi wà nínú àpò. Ẹnì kan tó dúró níbẹ̀ ní àwáwí ni Ará Ìbàdàn ń wí, pé ìgbéraga ló fi ba mọ́tò Àlàájà jẹ́. Mo lè sọ pé rárá. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fi ẹnu ara mi sọ pé àwa kò kúkú mọ nǹkan kan nípa ọtọmátíìkì. Ọ̀gá dìde, wọ́n gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi pe Ará Ìbàdàn ní ọ̀bàyéjẹ́ ní Igbó-Ọrà. Àwọn tó ti gbé mọ́tò wá fún un wá gbé e padà. Ohun tí mo ti ń wá láti oṣù mẹ́rin nìyẹn, ó sì wá délẹ̀. N kò lè jẹun. Síbẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, mo ṣì ń jowú rẹ̀: bó ṣe ń dé ṣọ́ọ̀bù lásìkò, bó ṣe ń kí mi, tí ó sì ń tú jíà Àlàájà palẹ̀ láìsọ̀rọ̀, n kò rò pé èmi lè ṣe é.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà máa ń lọ káàkiri láti tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ ẹbí, ará àti aládùúgbò, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òun yóò padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló máa ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn a ní bí àwọn bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì wá, ẹ̀yin náà a ní a ti forí jì yín, ẹ bá wa ṣàdúrà lọ́hùn-ún. Ọ̀gá ti ṣe é láti ilé dé ilé. Ṣọ́ọ̀bù ló kù. Wọ́n ti mọ́ṣáláṣí dé nínú aṣọ funfun, gbogbo wa péjọ, Àlàájà náà wà níbẹ̀. Mo ti wọ ẹ̀wù tí ìyàwó mi bá mi wá.

Ọ̀gá ṣí fìlà wọn. Wọ́n kọjá mi, wọ́n dúró níwájú Ará Ìbàdàn, wọ́n sì fi orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọ́ìlì.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n dín ọ́ìlì yẹn kù. N kò mọ iṣẹ́ náà, n kò sì bi ọ́. Nígbà tí mo wá mọ̀, ojú tì mí, mo dákẹ́, wọ́n bà ọ́ lórúkọ jẹ́ lójú mi. N kò lè gbé e dé Káábà. Forí jì mí."

Ará Ìbàdàn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, ó ń gbé wọn dìde, ó ń sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ó ti tán, òun ti forí jì wọ́n. Àlàájà ń fi ìborùn nu ojú. Ọ̀gá yíjú sí Àlàájà náà, wọ́n tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ tiwọn. Ẹ kíyè sí i o: wọ́n ní "kí wọ́n dín in kù". Wọn kò dárúkọ ẹni tó dín in kù, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dárúkọ ẹni tó ní kí a má pe Ará Ìbàdàn. Wọ́n wá yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò agbádá, wọ́n nà án sí Ará Ìbàdàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wá yíjú, ó rìn tọ̀ mí wá, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Àwọn ló mọ gbogbo oníbàárà." Ó fi lé mi lọ́wọ́. Ojú wa ṣe mẹ́rin, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀.

Ọ̀gá dúró, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ fún mi kí n tó lọ?"

Mo ní, "Rárá, ọ̀gá. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire."

Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni mo fi mú kọ́kọ́rọ́ náà. Ará Ìbàdàn pààrọ̀ àwọn páléètì, irin pẹlẹbẹ tó ń di jíà mú, tó jóná nínú jíà Àlàájà, ó dá píkọ́ọ̀pù náà padà fún wọn, ó sì ń lọ geere. Abẹ́ mi ló ti ṣiṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ lọ jẹun, á wá gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Bí oníbàárà bá yìn ín, á ní ẹ̀gbọ́n òun ni kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ká ní ó bú mi, ǹ bá sùn. Bí ọ̀gá ṣe dé, ó dúró kí wọn káàbọ̀, ó gbàṣẹ, ó sì kó lọ sí Èrúwà, ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀. Ọ̀gá kò bi mí léèrè nǹkan kan mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Ṣọ́ọ̀bù wá di tèmi, mo sì kọ́ ọtọmátíìkì, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí mo lè bí.

Lọ́dún tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Èrúwà. N kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni, mo sì rí i pé àgbà ti ń dé, ọ̀rọ̀ náà sì ń wúwo sí i. Mo bá Ará Ìbàdàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ó sì ti sanra. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo dì í mú. Mo jókòó, mo sì sọ ọ́ láti orí dé ìdí: pé èmi ni mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo dúró de èrò, èmi ni mo ní kí wọ́n má pè é, pé owú ni, kì í ṣe àìmọ̀kan. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà jọ láti Igbó-Ọrà.

Ó jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti forí jì yín. Ẹ ti jẹun?"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti dìde, ó ti ń wá ẹni tó máa lọ ra iyán wá. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń retí kí ara mi fúyẹ́, kí ọpẹ́ kún inú mi. Ohun tó kọ́kọ́ dé kì í ṣe ọpẹ́. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, mo sì ń bi ara mi pé kí ló dé tí èyí náà fi rọrùn fún un. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́jọ rù káàkiri Ìbàràpá, ọjọ́ kan péré ló fi sọ ọ́ kalẹ̀, tó sì tún ní àyè láti sanra. Mo ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ti inú rẹ̀ yẹn, n kò mọ ọ̀gá tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Iyán dé, a jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gun ọ̀kadà, mo sì ń jowú rẹ̀ títí mo fi dé Igbó-Ọrà.